Ẹni Tó Sè É Kọ́ Ló Ń Tọ́ Ọ Wò

Ìbà, Ọjọ́bọ̀, 1992

Bàbá Bọ́sẹ̀ mi, èmi ni mo kọ ìṣirò owó tí iléeṣẹ́ fẹ́ fi han àwọn tó ra ṣíà, ìyẹn ìpín, nínú rẹ̀. Lónìí, ọ̀gá ní kí èmi kan náà fọwọ́ sí i pé mo yẹ̀ ẹ́ wò.

"Ìyá Bọ́sẹ̀, àbí ẹ ò fọkàn tán ara yín?"

"Ọ̀gá, nílé wa, ẹni tó se ọbẹ̀ kọ́ ló ń tọ́ ọ wò. Ọkọ mi ni."

Ó ní bí mo bá kọ̀, kí n má padà wá. Mo ṣì kọ̀. Ló bá pe Lékan, akọ̀wé kejì, pé kó yẹ̀ ẹ́ wò. Lékan rí ọjà tí mo kà lẹ́ẹ̀mejì!

Mo délé, mo se ilá. Mo bù ú sí ṣíbí, mo nà án sí àga yín kí n tó rántí pé ẹ ti fi mí sáyé lọ.

Mi ò mọ̀ bóyá iyọ̀ rẹ̀ tó.