Ọjọ́ Tí Ẹsẹ̀ Mi Tó Pẹ́dà

“Kọ ọ́ bó ṣe ń jáde lẹ́nu mi! Má bá mi tún un ṣe!” Ohun tí màmá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pariwo mọ́ mi nìyẹn. Èmi tí mò ń bá a kọ lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin! Ó dáa, bó ṣe sọ ọ́ rèé:

Ọmọ mi àtàtà, ṣé ara rẹ le? Ṣé ìlú ńlá ò fìyà jẹ ọ́? Ojú ò ní tì ọ́ láàárín ẹgbẹ́ rẹ. Àlàáfíà la wà, àbúrò rẹ náà ń bẹ, ó kàn ń fajú ro bí ẹni tí wọ́n já ẹran gbà lẹ́nu ẹ̀ ni. (Èmi rèé o.)

Nígbà tí ojú rẹ yọ nínú fóònù lọ́jọ́sí, mo sáré fi téèpù wọn èjìká rẹ, kò ju íǹṣì méjì lọ! Ẹkún ni mo sun. Ṣé wọn kì í jẹun lọ́hùn-ún ni? Mo ti ń rán gáùn kan fún ọ, mo fàyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ torí wàá sanra lágbára Ọlọ́run. Nígbà míì, dìde dúró nínú fóònù náà kí n rí ìbàdí wọ̀n.

Ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ gan-an ló mú mi kọ̀wé. Ó ti parí ìwé tí ìjọba ní dandan ni. Tísà rẹ̀ wá sílé, ó ní kó yan èyí tó wù ú, bóyá kó tẹ̀ síwájú ni tàbí kó kọ́ṣẹ́. Mo ní ṣé wọ́n máa ń yàn án ni? Ọjọ́ tí ẹsẹ̀ mi tó pẹ́dà máṣíìnì ìránṣọ ìyá mi ni wọ́n ti yan tèmi, ẹnikẹ́ni ò bi mí. Ẹsẹ̀ tiẹ̀ náà ti tó o báyìí, ẹ̀rù sì ń bà mí. Jọ̀ọ́, fi owó ilé ìwé rẹ̀ ránṣẹ́, kó má lọ jókòó sórí àga mi nídìí máṣíìnì torí pé òun ló bá nílẹ̀. Fi sí báǹkì, ṣùgbọ́n kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má pààrọ̀ ẹ̀, èyí tí o fọwọ́ ara rẹ kà gan-an ni mo fẹ́. Ọlọ́run á ṣọ́ àlọ rẹ, á ṣọ́ àbọ̀ rẹ.

Ibẹ̀ ni ọwọ́ mi dúró. Màmá mi ò mọ̀wé kà. Bí mo bá fo ọ̀rọ̀ owó ilé ìwé yẹn, ta ló máa mọ̀? Torí kí n má purọ́, àga yẹn wù mí. Obìnrin tó ń wo ẹ̀yìn èèyàn lójú títì, táá gé aṣọ ẹni náà láì fi téèpù kàn án, táá sì ṣe gẹ́ẹ́ lára ẹ̀! Ta ni irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ò ní wù?

Àmọ́ ó ti padà sídìí máṣíìnì, ó kẹ́yìn sí mi, ó ń kọrin. Lẹ́tà yìí ló fi ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí n yàn fúnra mi, ohun tí ẹnì kankan ò ṣe fún òun.

Mi ò fo nǹkan kan. Màá lọ sílé ìwé yẹn, màá kà á tán. Lẹ́yìn náà, màá wá jókòó sórí àga yẹn, torí pé èmi fúnra mi ló yàn án, kì í ṣe torí pé ẹsẹ̀ mi tó pẹ́dà. Mi ò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni.