Ihò Ìdí Páìpù Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Dí

Ilé Akínwándé,
Ọ̀fà.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta, ọdún 1961.

Àdìkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara Káyọ̀dé ọkọ rẹ le? Ọlábámijí ọmọ wa ńkọ́, ṣé ó ń mu ọmú dáadáa, ṣé ìdodo rẹ̀ ti jinná tán? Olúwa tó gbé e lé ọ lọ́wọ́ yóò bá ọ wò ó, ojú kò ní pọ́n ọ lórí rẹ̀, àmín. Bàbá rẹ ní kí n kí yín, orúnkún ṣì ń dùn ún ṣùgbọ́n ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ebè, ó ní òjò ọdún yìí fẹ́ tètè dé. Ewúrẹ́ wa bí mẹ́ta, ọ̀kan kú. Asiata ará ẹ̀gbẹ́ ilé wa náà ní kí n kí ọ kú ọwọ́ lómi.

Ó yẹ kí ìkíni náà gùn jù báyìí lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí, ìwọ náà lè rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe ń kúrò lórí ìlà. Jọ̀wọ́, kí o tó ka ìyókù, pọn ọmọ kí o lọ kan ilẹ̀kùn obìnrin tó ń gbé lẹ́yìn ògiri ilé ìdáná yín. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀, ìwọ náà sì sọ fún mi pé o kò mọ̀ ọ́n, pé ní Sùúrùlérè kálukú ló ń ti ilẹ̀kùn tirẹ̀. Lọ wò ó bóyá ó wà láàyè. Tí o bá ti padà dé, kí o wá jókòó ka ohun tí ìyá rẹ ṣe.

O rántí bí o ṣe ń ráhùn nígbà tí mo wá bá ọ wẹ ọmọ, pé aáyán àti eku ń gba inú kọ́bọ́ọ̀dù ìdáná wọlé, pé wọ́n ti jẹ etí páálí mílíìkì. Mo bẹ̀rẹ̀ wo inú rẹ̀, mo rí páìpù méjì, èyí tó tín-ín-rín tó ń gbé omi wá àti èyí tó nípọn tó ń gbé omi ìdọ̀tí lọ, àwọn méjèèjì gba inú ògiri kọjá. Ẹni tó lu ògiri náà lù ú bí ẹni tó fẹ́ kí màlúù gba ibẹ̀, torí ìka mẹ́ta mi wọ ẹ̀gbẹ́ páìpù ńlá náà láìha. Ọkọ rẹ ní òun máa wá ẹni tó máa dí i ní Sátidé. Sátidé méjì kọjá. Mi ò fi bú u, ọkọ rere ni, ó kàn jẹ́ pé àwọn ọkùnrin tó ń lọ ọ́fíìsì kì í mọ ìgbà tí Sátidé ń dé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọkọ rẹ ti lọ síbi iṣẹ́, ìwọ àti ọmọ ń sùn, mo gbé omi ìwẹ̀ ọmọ kaná, ni mo bá gbọ́ ẹkún nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Mo pa sítóòfù kí n lè gbọ́ dáadáa. Ẹkún obìnrin ni, ó ń sun ún díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti dé Èkó ni mo ti ń ronú lórí omi tí ẹ ń mu yẹn, pé odò ni wọ́n ti ń fà á wá, odò tí ẹnikẹ́ni nínú yín kò rí rí, wọn kò kí i, wọn kò tọrọ, wọ́n kàn ti irin bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Mo wá gbà pé ohun tó ń gbé inú odò náà ló bá páìpù wá, tó gba ìdí rẹ̀ yọjú sí ilé yín, ọmọ tuntun ló sì ń wò. Mo mọ̀ pé Kristẹni ni mí, ṣùgbọ́n páìpù kì í ṣe Kristẹni. Mi ò sọ fún ọ kí ẹ̀rù má baà gbẹ omi ọmú rẹ.

Ní ọjọ́ kejì, ní àsìkò kan náà, ó sọ̀rọ̀. Ó ní, “Màmá, ó ti sú mi. Ṣé kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ yín?” Mo ní èmi ló ń pè ní màmá, ó ti rí mi. Mo kúnlẹ̀, mo ti orí bọ àárín àwọn ìkòkò, mo sì fi ohùn tí mo fi ń lé ewúrẹ́ nídìí èlùbọ́ dá a lóhùn. Mo ní, “Kò sí àyè fún ọ níbí. Máa lọ.” Ó ní, “Ó dáa, mà. Mo ti gbọ́.”

Ó yẹ kí n ti mọ̀ níbẹ̀ yẹn. Iwin wo ló ń pe ènìyàn ní mà?

Wákàtí yẹn náà ni mo dí ihò. Mo lọ bá àwọn bíríkìlà tó ń kọ́ ilé ní òdìkejì títì, mo tọrọ sìmẹ́ńtì ife kan àti yanrìn tí wọ́n ti jọ̀. Mo kó gbogbo ìkòkò jáde. Mo fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ ọ̀rá kúrò lára páìpù àti ògiri, torí sìmẹ́ńtì kì í lẹ̀ mọ́ ọ̀rá, mo sì wọ́n omi sí etí ihò kó má baà tètè gbẹ kó sì sán. Mo fa ìró mi àtijọ́ ya, mo fi ọmọrogùn tì í wọ ẹ̀gbẹ́ páìpù títí tí ibẹ̀ fi kún, mo fi àyè tó tó oríkèé ìka kan sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, mo wá fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, mo fi ẹ̀yìn ṣíbí dán an. Nígbà tí mo wà ní omidan, èmi ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí tí wọ́n bá fẹ́ rẹ́ ògiri ní àdúgbò wa. Nígbà tí o jí, o ní iṣẹ́ náà dára, aáyán kan kò tún yọjú, inú mi dùn. Mi ò gbọ́ ẹkún mọ́. Mo rò pé mo ti lé e lọ. Lọ́jọ́ Ẹtì mo wọ rélùwéè padà wálé.

Àná ni mo ń ròyìn rẹ̀ fún Àlàbí àbúrò mi, ẹni tó fi ọdún mẹ́sàn-án bá wọn ri páìpù ní Kàdúná. Mo ń retí kó yìn mí. Ó gbé ife ẹ̀kọ rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ìdáná méjì ló máa ń kẹ̀yìn síra kí omi lè gba ibì kan dé ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín, ihò tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù yín sì já sí kọ́bọ́ọ̀dù tiwọn. Ó wò mí lójú. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ènìyàn ni ẹ bá sọ̀rọ̀.”

Àdìkẹ́, láti ìgbà yẹn ni mi ò ti lè gbé oúnjẹ mì. Obìnrin kan wà lẹ́yìn ògiri tó ń pe ìyá rẹ̀, èmi ni mo dá a lóhùn. Tí ìyá rẹ̀ bá wà láàyè ní ìlú wọn, a jẹ́ pé ó mọ̀ pé kì í ṣe ohùn ìyá òun nìyẹn, ó ti wọ ọkọ̀ lọ bá a, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Tí ìyá rẹ̀ bá ti kú ńkọ́, tó sì gbà pé ìyá òun ló lé òun? Ibo ni mo ní kó máa lọ? Bàbá rẹ ní kí n yé da ara mi láàmú, pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń sunkún ní Èkó tí wọ́n sì ń jẹun alẹ́. Ó sọ ọ́ tán, òun náà kò fọwọ́ kan oúnjẹ tirẹ̀.

Mo lọ sí pósófíìsì láàárọ̀ yìí láti tẹ wáyà sí ọ. Akọ̀wé ibẹ̀ fún mi ní fọ́ọ̀mù, ó ní iye ọ̀rọ̀ ni àwọn fi ń gba owó. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìkíni fún un, ó ní mi ò tíì dé orí ọ̀rọ̀ tí owó ọwọ́ mi ti tán, kí n yọ ‘ṣé dáadáa ni o wà’ kúrò. Mo bi í pé tí mo bá yọ ọ́, báwo ni ọmọ mi ṣe máa mọ̀ pé èmi ni? Mo tún ronú pé ojú ọ̀nà ni wáyà ń gbà, Òṣogbo, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta á ti gbọ́ ohun tí mo ṣe kí ìwọ tó gbọ́. Nígbà tó yá mo ní kó kọ ‘Lọ wo ẹ̀yìn ògiri’. Ó ní ọ̀rọ̀ mẹ́rin nìyẹn, ó sì gba owó mi. Tí ó bá ti dé ọwọ́ rẹ tí kò yé ọ, ìtumọ̀ rẹ̀ nìyí.

Tí ilẹ̀kùn obìnrin náà bá wà ní títì, má ṣe dúró de Sátidé ọkọ rẹ. Mú òòlù, kí o fọ́ sìmẹ́ńtì mi. Ó máa le díẹ̀ torí mo rẹ́ ẹ dáadáa, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Fa ìró náà jáde, kí o pè é láti inú ihò, má pariwo mọ́ ọn bí mo ṣe pariwo. Tí ó bá dáhùn, sọ fún un pé ìyá kan ló ṣi ọ̀rọ̀ sọ, pé ìyá náà ní kó má lọ síbì kankan, òun ń bọ̀ wá jókòó tì í.

Torí náà, fi owó ọkọ̀ rélùwéè ránṣẹ́ sí mi kíákíá, ti àlọ nìkan, ti àbọ̀ kò kàn mí báyìí. Fi rán ẹni tó bá ń bọ̀ wálé, má gba pósófíìsì, ojú ń tì mí láti tún rí akọ̀wé yẹn.

Ọlọ́run yóò wo Ọlábámijí dàgbà fún ọ. Ilé rẹ kò ní dàrú, oúnjẹ kò ní wọ́n yín. Kí Ọlọ́run bá mi dé ọ̀dọ̀ obìnrin náà kí lẹ́tà yìí tó dé. Ìwọ náà, ní ọjọ́ tí ayé bá sú ọ tí o sì pe ìyá, kì í ṣe àjèjì ni yóò dá ọ lóhùn.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àrìnpé.