Bàbá, A Rò Pé Oorun Ni

Bàbá mi àtàtà,

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Àsùbáà tán ni. Mo ti ṣe àdúà fún yín, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣì kù nínú mi. Iṣu ta dáadáa lọ́dún yìí. Ìyá ṣì ń sá ẹní yín sóòrùn, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ń sùn lórí rẹ̀ mọ́.

Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún wa pé ẹ ń fi kún oògùn yín, Bàbá? Nígbà tí ọ̀kadà gbé yín ṣubú lọ́nà Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí tí itan yín kán, dókítà ní kí ẹ máa lo oògùn ìrora kan láàárọ̀ àti lálẹ́. Àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ máa ń bu àgbo mu nígbàkígbà tí ara bá ti ro yín, bí ẹ ti ń lo àgbo náà lẹ ṣe lo oògùn òyìnbó. Ẹ máa ń sọ pé bí oògùn kò bá jẹ́, ewé kan ló kù. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí ẹ fi wá sílẹ̀, ẹ fi kún un, ẹ tún fi kún un.

Ìrora kò tíì jẹ́ kí ẹ rí oorun sùn látìgbà tẹ́ ẹ ti ṣubú. Nígbà tí a gbọ́ tí ẹ ń hanrun lẹ́yìn ìrun Àílà, inú wa dùn. Ẹ kúkú mọ̀ pé kò sẹ́ni tó tó bẹ́ẹ̀ láti jí yín nínú ilé wa. Mo lé àwọn ọmọ kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ilé aládùúgbò ni mo gbé odó lọ láti gúnyán, kí ariwo má baà dí yín lọ́wọ́. Mo ṣàkíyèsí pé ìhanrun náà kò dà bí tiyín. Ó ń dún kùrùkùrù bí ẹni tí omi há sí lọ́fun, ó sì ń dákẹ́ pẹ́ kó tó tún dún. Mo ní ó rẹ̀ yín ni. Nígbà tó dákẹ́ pátápátá, Ìyá dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ìrun Alásárì la wá fẹ́ jí yín fún. Ètè yín ti ṣú, èékánná yín dà bí eérú. A ń rọ epo pupa sí yín lẹ́nu, ó ń ṣàn padà sórí ìrọ̀rí. Nígbà tí a fi máa gbé yín dé ọsibítù ní Ṣakí, ẹ ti lọ. Nọ́ọ̀sì kò bá wa wí. Ó ní irú ìhanrun bẹ́ẹ̀ kì í ṣe oorun, oògùn ló ń pa èémí. Ó ní ká pe ẹni náà, ká gbọ̀n ọ́n, ká má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu, ká fẹ́ èémí sí i, ká sì máa gbé e bọ̀ kíá, nítorí abẹ́rẹ́ kan wà tó ń borí oògùn náà. Mo ń gbọ́, mo ń sunkún. Ta ni mo fẹ́ lò ó fún mọ́?

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún Bàbá Ìgbòho, àbúrò yín, láìpẹ́ yìí, wọ́n sì fún wọn nírú oògùn ìrora yín, mo wá lọ kí wọn nílé. Ìyàwó wọn fi ìka sẹ́nu, wọ́n ní kí n rọra, oorun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé bàbá lọ ni. Ẹnu ọ̀nà ni mo ti gbọ́ kùrùkùrù yẹn. Mo wọ yàrá tòun ti bàtà. Mo pè wọ́n ní Bàbá, wọn kò dáhùn. Mo bá pariwo orúkọ wọn gan-an: “Ràṣídì! Ràṣídì, mí!” Mo fi ìkúùkù ra wọ́n láyà, mo gbé àgbọ̀n wọn sókè, mo di imú wọn, mo ń fẹ́ èémí sí wọn lẹ́nu títí mọ́tò fi dé, mo sì ń fẹ́ ẹ lọ nínú mọ́tò. Nígbà tí a dé ọsibítù, abẹ́rẹ́ yẹn ló la ojú wọn. Dókítà kò jẹ́ kí wọ́n tètè lọ sílé, ó ní abẹ́rẹ́ lè tán lára kí oògùn tó tán. Ohun tí Bàbá Ìgbòho kọ́kọ́ bèèrè ni pé ta ni aláìlẹ́kọ̀ọ́ tó ń pe àwọn lórúkọ. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi bú sẹ́kún.

Gbogbo ẹbí ń yìn mí, Bàbá, ìyìn náà kò sì wọ̀ mí lára. Ṣé ẹ gbọ́ wa lọ́jọ́ náà, bí a ṣe ń yọ́ rìn kọjá lẹ́nu yàrá yín? Láti kékeré lẹ ti kọ́ mi pé ọmọ kì í pe bàbá rẹ̀ lórúkọ, n kò sì dán an wò rí. Ìgbà tí akọ̀wé ọsibítù bi mí pé ta ni olóògbé, ìgbà náà ni mo kọ́kọ́ dúró tì yín tí mo pe orúkọ yín. Ẹ kò bá mi wí.

Èmi ni, ọmọ yín tí ìfẹ́ yín kò kúrò lọ́kàn rẹ̀.