Ojú Tí Bàbá Mi Kò Yà

                                        Ojúlé Kẹjọ, Òpópónà Etíkun,
                                        Sousse, Tùnísíà.
                                        14 Oṣù Kẹsàn-án, 1974.

Wassila, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyá rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Bí o bá ń bínú pé mi ò kọ̀wé láti ìgbà tí mo ti ṣègbéyàwó, o jàre, ṣùgbọ́n gbọ́ tẹnu mi ná.

O rántí bí Bàbá mi ṣe máa ń ya ẹṣin pupa àti ìyàwó tó ń rẹ́rìn-ín sẹ́yìn gíláàsì. Láti ọjọ́ tí òkun ti gbé àbúrò mi Sabiha lọ, ẹ̀rín tán níbẹ̀. Ìyàwó yòówù kí wọ́n yà, ojú Sabiha ni, búlúù òkun ló sì yí i ká. Àwọn ará Tunis wá ń rọ́ wá rà á, wọ́n ní ìbànújẹ́ náà dùn ún wò. Ọ̀fọ̀ wa di ọjà!

Nílé wa, bàbá ìyàwó ló ń ya ìyàwó sí gíláàsì tí yóò gbé lọ sílé ọkọ. Mo bẹ Bàbá pé kí wọ́n ya ojú tèmi, ẹ̀ẹ̀kan péré. Wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Najet, ọwọ́ rẹ ni ọwọ́ rẹ̀ wà lọ́jọ́ náà. Ìwọ lo jọ̀wọ́ ẹ̀."

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà, Wassila. Àgbà ló kọ́ wa pé ẹyin lohùn, àgbà náà ló jù ú mọ́lẹ̀.

O mọ̀ pé ojú àti ẹnu la kọ́kọ́ ń yà sí gíláàsì, ká tó kun àwọ̀ tó kù lé e lẹ́yìn. Nígbà tí mo wọ yàrá iṣẹ́ wọn láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ojú Sabiha náà ló tún ń wò mí láti ara gíláàsì ìgbéyàwó mi. Inú bí mi gidigidi. Mo mú abẹ, mo fá a dànù. Mo rò pé Bàbá á gbá mi létí, tàbí kí wọ́n tún un yà. Ńṣe ni wọ́n kun búlúù wọn bo ibi tí mo fá, wọ́n fi férémù sí i, wọ́n ní kí n máa gbé e lọ.

Àwọn oníbàárà rí i kó tó kúrò nílé, wọ́n ní àwọn ò rí irú ẹ̀ rí. Mo gbọ́ pé Bàbá ò ya ojú ẹnikẹ́ni mọ́ báyìí.

Lánàá, ìyá ọkọ mi pe àwọn aládùúgbò wá wò ó lára ògiri. Wọ́n bi mí pé ojú mi dà níbẹ̀. Mo ní bàbá mi ò mọ̀ ọ́n.

Bá mi kí ìyá rẹ, kí ọkọ rẹ, fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu fún mi. Bí o bá pàdé Bàbá mi ní Mahdia, má kí wọn fún mi.

Èmi tìrẹ ni,
Najet