Abọ́ Kan Tí Wọ́n Dá Sí fún Mi

Abúlé Wáṣínmi,
Lẹ́bàá Ṣakí,
Ọjọ́ Alàmísì.

Ìyàndá ọmọ mi,

Kí àlàáfíà Ọlọ́run bá ọ nílé, kó sì bá ọ lẹ́nu iṣẹ́. Kafilat ìyàwó rẹ ńkọ́? Ṣé òjò kò tíì wọlé bá yín ní Ajégúnlẹ̀ bíi ti èṣí? Gbogbo wa la wà láàyè níbí, àfi àgbébọ̀ pupa tí o mọ̀ yẹn tí ọ̀kadà gbá. A sè é, ó yi.

Yasir tó ń fi ọkọ̀ kó òrí wa wá sí Apapa ló gbé fóònù sí mi létí, ó ní ohùn rẹ ni o fi ránṣẹ́. Mo kí ọ, o ò dáhùn. Gbogbo ibi tí o ti dánu dúró kí o lè mí ni mo ti dá ọ lóhùn, o kàn ń sọ tìrẹ lọ ni, bẹ́ẹ̀ n kò kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bíìrò, torí o ò lè já lu ọ̀rọ̀ mi nínú ìwé.

Mo gbọ́ ohun tí o sọ. O ní kọ̀ǹpútà ti dé ọ́fíìsì yín ní Warehouse Road, òun ni yóò máa ṣe iṣẹ́ òǹtẹ̀ tí o ti ń lù sára ìwé ẹrù láti ọdún mọ́kànlá. O ní ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Onome, tí kò tó àbúrò rẹ lọ́jọ́ orí, ni ọ̀gá ní kó máa kọ́ yín, àti pé ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kí Iléyá tó dé yóò máa lọ sílé. O ní o ò ní jókòó síwájú ọmọdé láéláé. O tún ní ẹ̀rù ò bà ọ́, torí láràárọ̀ ni wọ́n ṣì ń gbé ìwé wá kí o lu òǹtẹ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn yẹn ló já mi láyà.

O mọ̀ pé láti ayé ìyá bàbá rẹ, ẹnikẹ́ni kì í po òrí nínú ẹgbẹ́ àwa obìnrin tó ń ṣe òrí tà kí ọwọ́ olórí ẹgbẹ́ tó kọ́kọ́ wọ abọ́. Ọdún kọkàndínlógún rèé tó ti jẹ́ ọwọ́ tèmi. Nígbà tí ìjọba fún wa ní fọ́ọ̀mù, tí wọ́n béèrè ipò mi, Ọwọ́ Àkọ́kọ́ ni mo kọ. Akọ̀wé wọn ní kò sí ipò bẹ́ẹ̀, mo ní kó wá wò ó láàárọ̀.

Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń po òrí dé. Mo kí i káàbọ̀. Mo bi Nnaemeka tó wá tò ó bóyá ẹ̀rọ náà máa ń gba ààwẹ̀, ó ní epo bẹntiróòlù ló ń mu látàárọ̀ ṣúlẹ̀, mo ní kò burú, Ọlọ́run mọ tirẹ̀. Ohun tó bí mi nínú ni pé kò síbi tí ọwọ́ lè gbà wọnú rẹ̀. Nnaemeka ní bí mo bá ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ọwọ́ ọ̀hún kò ní bá mi délé. Mo ní kí wọ́n fi tapólì bò ó. Kò sẹ́ni tó jiyàn. Láràárọ̀ ni wọ́n ń gbé abọ́ kalẹ̀ fún mi, màá ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, wọn á ṣàdúrà fún ọwọ́ mi, màá sì yí padà relé tìdùnnú-tìdùnnú. Òórùn kan wà tó ń ti inú abọ́ náà jáde, ṣùgbọ́n mo rò pé imú mi ló ń darúgbó.

Lọ́jọ́ kan mo gbàgbé tẹ̀sùbáà mi síbẹ̀, mo padà lọ mú un. Ganiyat, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa, nìkan ni mo bá, tó ń da aṣọ bo abọ́ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọwọ́ bọ̀. Ó kúnlẹ̀, ó bú sẹ́kún. Àṣé láti ọ̀sẹ̀ kejì tí mo ti bo ẹ̀rọ ni gbogbo wọn ti ń ru òrí lọ sí abúlé kejì, wọ́n ń tò sídìí ẹ̀rọ ẹlẹ́rọ, tiwa sì wà lábẹ́ tapólì. Abọ́ kan péré ni wọ́n dá sí, abọ́ kan náà lójoojúmọ́, kí ojú má baà tì mí.

Ìyàndá, ojú tì mí ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ. Wọn ò kórìíra mi, ìfẹ́ ni wọ́n fi ń tàn mí. Ganiyat, tòun toyún oṣù méje, ń ru ẹrù rin ọ̀nà jíjìn nítorí ọwọ́ èmi nìkan. Ìyá bàbá rẹ kò fún mi ní ipò yẹn kí n máa fi dí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ mi lọ́nà.

Lọ́jọ́ kejì mo fúnra mi ká tapólì. Ganiyat ló ń kọ́ mi nísinsìnyí. Á jágbe mọ́ mi pé kí n kúrò níbẹ̀, lẹ́yìn náà á kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì. Bí wọ́n bá pa ẹ̀rọ, èmi ni mò ń fi ìka tọ́ òrí wò kí n sọ bóyá ó ti pò tó, torí ẹ̀rọ kò mọ ìyẹn. Ọgbọ́n ọdúnnìí, wèrè ẹ̀míì. Mo ti ń pa òwe yìí fún yín tipẹ́, n kò mọ̀ pé èmi náà ló ń bá wí.

Bí owó bá wà lọ́wọ́, fi díẹ̀ rán Yasir sí mi. Bàtà rọ́bà ni mo fẹ́ rà, Ganiyat ní ẹni tí kò bá wọ̀ ọ́ kò gbọdọ̀ dé ìdí ẹ̀rọ, olórí ẹgbẹ́ ni o, ọmọ ẹ̀yìn ni o. Ọ̀rọ̀ àṣírí tí o ní kọ̀ǹpútà ń béèrè kó tó ṣílẹ̀kùn, tí o ò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni, ṣáà sọ ọ́ fún mi, èmi ni mo bí ọ.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọwọ́ rẹ mọ iṣẹ́ tuntun bó ṣe mọ ti àtijọ́. Kó má jẹ́ kí wọ́n fi ìfẹ́ tàn ọ́. Lọ́la, bí o bá lu òǹtẹ̀ tán, tí wọ́n kó ìwé náà kúrò níwájú rẹ, dìde kí o tẹ̀lé e. Wo ibi tí wọ́n ń gbé e lọ. Bí o bá rí ohun tí mo rí, má bá wọn jà o, ọmọ mi. Fa àga sún mọ́ Onome, kí o ní kó bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ,
Sàlímọ́tù.