Ẹni Tó Mú Ọkọ̀ Ìje La Ọ̀nà Ìbà Kọjá: Pa Ayọ̀wálé Ògúndáre, 1950–2025

Ìyá wọn ń yan gàrí lọ́wọ́ nígbà tí ìrọbí dé, ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹta ọdún 1950, ní Ìlaró. Ìyá náà, Màmá Kùdírátù, kò dìde. Ó yan èyí tó wà nínú agbada tán, ó dà á sórí ẹní, kó tó wọlé lọ bímọ. Ẹbí a máa sọ pé inú ìyá wọn ni Pa Ayọ̀wálé ti kọ́ pé a kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàbọ̀. Bàbá wọn, Pa Sámúẹ́lì Ògúndáre, jẹ́ àgbẹ̀, ọmọ alágbẹ̀dẹ. Mùsùlùmí ni ìyá, Kírísítẹ́nì ni bàbá. Ọdún méjèèjì ni wọ́n ń ṣe nínú ilé náà.

Pa Ayọ̀wálé ka ìwé mẹ́fà ní Ìlaró, láti ọdún 1956 títí di 1962. Ní ọdún 1965, wọ́n wá sí Ọ̀jọ́ láti kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì lọ́dọ̀ Ọ̀gá Owólabí. Wọ́n gba fúrídọ̀ọ̀mù ní ọdún 1971.

Ní ọdún 1977, wọ́n lọ tọrọ Adébísí, olùkọ́, ní ilé bàbá rẹ̀ ní Oǹdó. Bàbá ìyàwó béèrè iṣẹ́ wọn.

“Mọ́tò ni mò ń tún ṣe, sà.”

“Tìrẹ dà?”

“Mi ò tíì ní, sà.”

Bàbá náà ní ẹni tí kò purọ́ níwájú àna kò ní purọ́ fún ìyàwó. Ó fún wọn lọ́mọ. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rin dé gáréèjì nígbà tí wọ́n ń padà.

Ní ọdún 1980, wọ́n dá ṣọ́ọ̀bù tiwọn sílẹ̀ ní ọ̀nà Ìbà. Àwọn olùkọ́ yunifásítì, àwọn ṣọ́jà láti bárékè Ọ̀jọ́ àti àwọn oníṣòwò Alaba ni oníbàárà wọn. Ohun kan mú iṣẹ́ wọn yàtọ̀. Kò sí ọkọ̀ tó wọ ṣọ́ọ̀bù náà tí kò ga sí i kó tó jáde. Rọ́bà ni wọ́n ń fi sábẹ́ sípírìǹgì. Bí òjò bá rọ̀, tí omi bo títì, ọkọ̀ Pa Ayọ̀wálé a kọjá, ti ẹlòmíràn a máa léfòó.

Ní ọdún 2020, opó ọ̀gágun ojú omi kan ní Navy Town ránṣẹ́ pè wọ́n. Ọkọ̀ ìje pupa kan wà lẹ́yìn ilé rẹ̀, ilẹ̀kùn méjì, tí wọ́n ti ṣe láti ọdún 1967. Adìẹ ń yé ẹyin sórí àga rẹ̀. Obìnrin náà ní kí wọ́n máa gbé e lọ, òun ò fẹ́ nǹkan kan. Wọ́n ṣe é fún ọdún mẹ́ta. Irin tí kò sí lọ́jà, wọ́n fi ọwọ́ rọ ọ́.

Ní ọdún 2023, dókítà ní kí wọ́n ṣíwọ́ iṣẹ́, pé ọkàn wọn ti rẹ̀. Wọ́n ní ó dára, bí ọkọ̀ pupa náà bá ti sáré ìje lójú àwọn. Wọ́n wá ẹni tí yóò rà á fi sáré, ṣùgbọ́n onílé ìtura kan ló fẹ́ rà á. Ó fẹ́ gbé e síwájú géètì rẹ̀, kó gbin òdòdó sínú bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó ń wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn tó wá.

Nígbà tó di oṣù Kejì ọdún 2024, Ọ̀gbẹ́ni Májẹ́kódùnmí dé láti Lẹ́kí. Ọkọ̀ àtijọ́ ni òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń sáré ìje. Ó yí ọkọ̀ náà po. Ó gbọ́ ẹ́ńjìnnì, ó mi orí. Lẹ́yìn náà ló lóṣòó.

“Bàbá, iṣẹ́ yìí pé. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ìje ni mo wá rà. Èyí dúró bí àgbò Alaba Rago.”

“Nítorí kòtò ni mo ṣe gbé e sókè.”

“Kò sí kòtò níbi tí a ti ń sáré, sà. Bó bá ga báyìí, yóò dojú dé níbi kọ́nà.”

“Kò sí kòtò rárá?”

“Ẹyọ kan kò sí.”

Pa Ayọ̀wálé wò ó bí ẹni tó ń wo òpùrọ́. Ọ̀gbẹ́ni náà ní bí wọ́n bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, òun yóò rà á. Ọkọ̀ agbọ́kọ̀ òun, ọkọ̀ ńlá tó ń ru ọkọ̀ mìíràn, yóò dúró ní títì Badagry ní ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ títí di aago méjìlá ọ̀sán, nítorí kò lè wọ àdúgbò. Òun kò sì ní padà wá.

Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi yọ rọ́bà náà. Ọkọ̀ wálẹ̀ débi pé ọwọ́ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ abẹ́ rẹ̀. Nígbà náà ni ọ̀ràn wá yé wọn. Kòtò mọ́kànlá àti gọ́tà méjì ló wà láti ṣọ́ọ̀bù dé títì. Pa Ayọ̀wálé ni alága ìgbìmọ̀ gọ́tà àdúgbò. Wọ́n mọ gbogbo wọn.

Alhaja Hameedat, oníṣòwò pákó tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù, ló gbà wọ́n. Ó kó pákó mẹ́fà jáde láàárọ̀ Sátidé.

“Bàbá Adéolú, ogójì ọdún lẹ ti ń gbé mọ́tò sókè. Ọjọ́ tí ẹ sọ ọ̀kan kalẹ̀, pákó mi di títì ìjọba.”

“Ẹ ṣeun, Alhaja.”

“Ẹ má tíì dúpẹ́. Èyí tó bá sán, ẹ ti rà á nìyẹn.”

Wọ́n tẹ́ pákó síwájú, ọkọ̀ gùn ún. Àwọn aládùúgbò kó ti ẹ̀yìn, wọ́n tún gbé e síwájú. Láti aago méje ni. Obìnrin arúgbó kan kọjá wọn nígbà tó ń lọ sọ́jà, ó tún pàdé wọn nígbà tó ń bọ̀.

Màmá Adébísí, ìyàwó wọn, ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ọkọ̀ tí Pa Ayọ̀wálé ń wà. “Bàbá Adéolú, ṣé ọkọ̀ ìje náà nìyí?”

“Ìje kò tíì bẹ̀rẹ̀.”

Níbi gọ́tà kejì, pákó kan sán. Aago méjìlá kù díẹ̀. Alhaja wo pákó náà. Ó padà lọ gbé pákó ìrókò méjì tí oníbàárà kan ti ní lọ́kàn láti fi ṣe ilẹ̀kùn. Ọkọ̀ gùn ún, ó kọjá.

Ọ̀gbẹ́ni Májẹ́kódùnmí ti ń ṣíná ọkọ̀ agbọ́kọ̀ rẹ̀. Ó sọ̀kalẹ̀, ó lóṣòó, ó ki ọwọ́ sábẹ́ ọkọ̀ pupa. Ó rà á lójú ẹsẹ̀. Pa Ayọ̀wálé kò béèrè ju ọjọ́ tí wọn yóò sá eré lọ.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, wọ́n lọ wò ó pẹ̀lú Màmá àti Alhaja. Ọkọ̀ méje ló sáré. Ìkẹrin ni tiwọn. Pa Ayọ̀wálé kò wo ẹni tó gba ipò kìíní. Ojú títì ni wọ́n ń wò.

“Lóòótọ́,” ni wọ́n wí, “kò sí kòtò.”

Pa Ayọ̀wálé sùn nínú ọkọ̀ láti ibẹ̀ dé Ìbà. Ẹnikẹ́ni kò rí i rí kí wọ́n jókòó sínú ọkọ̀ kí wọ́n má fetí sí ẹ́ńjìnnì.

Wọ́n jẹ́ agbowó-ọrẹ ní ìjọ wọn ní Òkòkómáíkò fún ọdún méjìdínlógún. Jẹnẹrétọ̀ ìjọ kò kú lójú ìsìn lásìkò wọn. Wọ́n kọ́ ènìyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n níṣẹ́.

Wọ́n sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹjọ ọdún 2025, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, láìṣe àìsàn. Ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin ni wọ́n.

Wọ́n fi Màmá Adébísí sáyé lọ, àti àwọn ọmọ: Adéolú, Bùsọ́lá àti Jésùdámiláre, àwọn ọmọ-ọmọ: Praise, Kíkí, Títí àti Adétọ́lá.

Ọ̀run re o, Bàbá. Ohun tí wọ́n bá ń jẹ lọ́hùn-ún ni kí ẹ bá wọn jẹ. Bí mọ́tò wọn bá ń dún, ẹ jẹun tán ná.

Mọ́tò oníbàárà mẹ́ta ló ṣẹ́kù ní ṣọ́ọ̀bù. Kọ́kọ́rọ́ wọn wà lọ́wọ́ Jésùdámiláre.