Ọ̀gá Ní Kí N Ṣí Kọ̀ǹpútà Sílẹ̀

Ìyá mi, ẹ kú ojú lọ́nà mi. Ara mi le koko.

Ọ̀gá wa, Ibinabo, ní kí n ṣí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni lè fi dúráífà nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ètò tó ń so kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì, sí i láìgbàṣẹ lọ́wọ́ èmi tí mò ń bójú tó o. Ẹni tó bá ráyè bẹ́ẹ̀ lè ka gbogbo ohun tí à ń fi ránṣẹ́.

Mo ní, "Sà, ta ló fẹ́ lò ó?"

"Abeg, just open am."

Mo kọ̀. Lọ́jọ́ kejì, mo bá àjèjì kan nídìí kọ̀ǹpútà mi. Ó fi oríkì tí ẹ̀yin nìkan fi ń kí mi nínú ímeèlì kí mi: "Àṣàkẹ́, you don come?"

Mo ti kó sọ́dọ̀ Níkẹ́ ọ̀rẹ́ mi ní Iwofe. Atẹ́gùn odò ń fẹ́ sí wa dáadáa.

Ẹ má kọ ímeèlì mọ́ o, lẹ́tà bí èyí ni kí ẹ máa kọ. Ẹ bá mi kí Bàámi.

Àràmídé